Ẹ̀fọ́ àti ata nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì lórí bákónì: tẹ̀tẹ̀ ń gùn tẹ́ẹ́rẹ́, òdòdó ata ń já dànù

Ìyàwó Alájà Kejì (Sùúrùlérè)

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ dákun, mo nílò ìmọ̀ràn yín. Àjà kejì ni fúláàtì wa wà ní Sùúrùlérè. Bákónì wa gùn díẹ̀ ṣùgbọ́n kò fẹ̀, àga kan péré ni ìbú rẹ̀ lè gbà. Ìdì ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń tà lọ́jà ń kéré sí i, owó rẹ̀ sì ń lọ sókè, ni mo bá kó bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà jọ, mo lu ìdí wọn, mo gbin tẹ̀tẹ̀, ewédú, ata rodo àti ẹ̀fínrín.

Ẹ̀fínrín ń ṣe dáadáa. Tẹ̀tẹ̀ hù, ṣùgbọ́n ṣe ló ń gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ewé rẹ̀ ń pọ́n, gbogbo rẹ̀ sì ń dà síta. Ewédú tí mo fọ́n, díẹ̀ ló hù nínú rẹ̀. Ata tanná, òdòdó rẹ̀ sì ń já bọ́ kí ó tó so, ewé orí rẹ̀ náà tún ń ká kò. Èyí tó wá burú jù ni pé ìyá tó ń gbé nísàlẹ̀ wa ti fẹjọ́ sùn pé omi tí mo ń bu sí i ń kán sórí aṣọ tí àwọn sá. N kò fẹ́ ìjà, n kò sì fẹ́ pa á tì. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń gbin nǹkan lórí bákónì, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Àkàndé Ẹlẹ́fọ̀ọ́ (Ìbàdàn)

Ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́, àǹtí. Tẹ̀tẹ̀ tó ń gùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì ń dà síta, oòrùn ló ń wá. Àìsàn kọ́. Bí tẹ̀tẹ̀ kò bá rí oòrùn fún bíi wákàtí 6 lójúmọ́, igi ni yóò máa sọ, kò ní pa ewé tó ṣeé jẹ.

Ọ̀nà wo lẹ gbà fọ́n ọn? Hóró tẹ̀tẹ̀ kéré púpọ̀, bí ẹ bá fi ọwọ́ fọ́n ọn bẹ́ẹ̀, ojú kan ni yóò dà sí. Ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kí ó lè tàn ká. Bí ó bá hù tó fún pọ̀, ẹ fa díẹ̀ tu, ẹ fi se ọbẹ̀, kí ìyókù lè ráyè. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí ó pẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ má fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò bíi ti ọjà. Ẹ fi ọ̀bẹ gé e ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin sókè ilẹ̀, yóò tún rú.

Ìyá Gbúre (Ṣómólú)

Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí tẹ̀tẹ̀ sinmi. Bákónì tí kò bá rí oòrùn, gbúre ló bá a mu. Ẹ ra ìdì kan lọ́jà, ẹ já ewé rẹ̀ fún ọbẹ̀, ẹ ṣa àwọn igi tó sanra, ẹ gé wọn ní gígùn ìka àárín, ẹ tì wọ́n bọ ilẹ̀ tútù. Kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi máa yọ ewé. Amúnútutù náà gbà bẹ́ẹ̀, òun a sì máa fà, ẹ lè ta okùn fún un lára irin bákónì. Ewúro náà ń hù láti ara igi, ṣùgbọ́n bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá ni kí ẹ fún un, igi gidi ló ń dà. Èmi kì í ra gbúre mọ́.

Ìyàwó Alájà Kejì

Ẹ ṣé gan-an ni. Ẹ̀gbọ́n Àkàndé, bí mo bá dúró ní bákónì tí mo kọjú síta, ọwọ́ ọ̀tún mi ni oòrùn ti ń yọ, ọwọ́ òsì ló ń wọ̀ sí. Báyìí tí a wà nínú ẹ̀ẹ̀rùn, kì í wọ inú bákónì rárá, ìmọ́lẹ̀ lásán ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rántí pé lásìkò òjò tó kọjá, ó máa ń ta síbẹ̀ débi pé aṣọ la fi ń dí i. Ìyẹn ló jẹ́ kí n rò pé oòrùn kò ní wọ́n wa.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀gbìn (Abẹ́òkúta)

Àǹtí, ohun tí ẹ sọ kẹ́yìn yẹn ló ṣe kókó jù. Bí ọwọ́ ọ̀tún yín bá jẹ́ ìlà oòrùn, àríwá ni bákónì yín kọjú sí. Oòrùn ọ̀sán kì í dúró sójú kan yípo ọdún. L'Ékòó, láti nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, apá àríwá ló ń gbà kọjá lórí wa. Nínú àwọn oṣù tó kù, apá gúúsù ló ń gbà. Ìdí nìyẹn tó fi ń ta wọ bákónì yín lásìkò òjò, tí ilé fúnra rẹ̀ sì ń ṣíji bò ó nígbà ọyẹ́. Ẹni tí bákónì tirẹ̀ kọjú sí gúúsù, òdìkejì ni yóò rí.

Nítorí náà, àsìkò tẹ̀tẹ̀ ni kí ẹ yí padà. Bó bá ti di oṣù kẹrin, ẹ máa gbin tẹ̀tẹ̀, ewédú àti ṣọkọ. Láti oṣù kẹsàn-án lọ, ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún gbúre, amúnútutù àti ẹ̀fínrín, bí Ìyá Gbúre ti wí.

Ti ewédú: èèpo hóró rẹ̀ le, omi kì í tètè wọ inú rẹ̀. Ẹ di í sínú aṣọ fẹ́lẹ́, ẹ rì í bọ omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 10, ẹ yọ ọ́ kíá bọ inú omi tútù, ẹ wá sá a níbòji kí ó gbẹ díẹ̀ kí ẹ tó fọ́n ọn. Bó bá pẹ́ jù nínú omi gbígbóná, ó jinná nìyẹn, kò ní hù mọ́. Ẹ tún mọ̀ pé ewédú máa ń tètè tanná nígbà tí ọ̀sán bá kúrú, láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kìíní, kó tó ga rárá ni yóò ti máa so.

Ti ata: ohun tó ń mú òdòdó ata rodo já pọ̀. Ó lè jẹ́ àìrí oòrùn tó. Ó lè jẹ́ ooru, pàápàá lórí kọnkéré tó ń gbóná. Bí ilẹ̀ bá gbẹ táútáú lónìí tí ẹ sì rọ omi kún un lọ́la, yóò já. Bí ajílẹ̀ bá pọ̀ jù, ewé nìkan ni yóò máa pa. Ti ewé tó ń ká kò yẹn, ẹ yí i padà, ẹ wo abẹ́ rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá rí kòkòrò wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé tàbí dúdú tó ṣù jọ sí ọ̀mùnú, tí ewé náà sì ń lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, àwọn ló ń fa omi ara rẹ̀ mu. Wọ́n tún máa ń gbé àìsàn láti ara ata kan lọ sára òmíràn. Èyí tí ewé rẹ̀ bá ti di abilà, tí ó dúró sójú kan tí kò dàgbà mọ́, kò sí oògùn tó lè wò ó. Ẹ fà á tu kí ó má baà ran àwọn tó kù.

Bàbá Oníkòkò (Òṣogbo)

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ń sọ̀rọ̀ oòrùn, kò sí ẹni tó bi í léèrè irú ilẹ̀ tó rọ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ilẹ̀ tí èèyàn bá gbẹ́ nínú ọgbà ilé l'Ékòó, yanrìn àti àfọ́kù búlọ́ọ̀kù ló máa ń pọ̀ nínú rẹ̀. Èmi máa ń po ilẹ̀ dúdú ọ̀nà méjì, ìgbẹ́ adìẹ ọ̀nà kan, èérún pákó ọ̀nà kan. Kí ẹ tó dà á sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ́kọ́ tẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ sí ìdí rẹ̀ kí omi lè ráyè jáde. Ní ti kòkòrò abẹ́ ewé, ọṣẹ dúdú ni mo máa ń pò mọ́ omi tí mo fi ń wọ́n ata mi, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀gbìn

Bàbá, ẹ kú àgbà o. Ẹ̀yin lẹ ni ìrírí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí láàyè kí n fi díẹ̀ kún un.

Òkúta kì í jẹ́ kí omi jáde jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀ tó wà lókè òkúta náà ni omi máa ń dúró sí, tí gbòǹgbò á máa jìyà níbẹ̀, àyè tí gbòǹgbò ì bá sì gbà ti di ti òkúta. Ihò tó pọ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ gé àwọ̀n ẹ̀fọn kékeré lé ihò náà kí ilẹ̀ má baà máa dà.

Èérún pákó tuntun náà léwu. Bó ṣe ń jẹrà lọ́wọ́ ló ń gba oúnjẹ mọ́ ẹ̀fọ́ lọ́wọ́, ewé a sì máa pọ́n. Mo fura pé ó lè wà nínú ohun tó ń ṣe tẹ̀tẹ̀ àǹtí, bí wọ́n bá lò ó. Èyí tó ti jẹrà di dúdú ni kí ẹ wá. Ìgbẹ́ adìẹ tútù ń jó gbòǹgbò: ẹ kó o jọ, ẹ bomi rin ín, ẹ máa yí i, títí òórùn rẹ̀ yóò fi tán pátápátá.

Bàbá Oníkòkò

Ti èérún pákó, òótọ́ lo sọ, èyí tó ti dúdú lèmi náà ń lò, mo yẹ kí n là á sílẹ̀. Ti òkúta, mi ò tíì gbà. Ìkòkò amọ̀ ni mò ń lò, ihò kan ṣoṣo ló ní, láìsí òkúta ilẹ̀ á dí i pa. Bóyá ti bọ́kẹ́ẹ̀tì yàtọ̀, torí ẹ lè lu ihò tó bá wù yín sí i.

Ọmọ Ajah

Ẹ má fi ọṣẹ fi àkókò ṣòfò. Òtapìàpìà díẹ̀ nínú omi, ẹ fín in lálẹ́, kó tó di àárọ̀ kòkòrò ti kú tán.

Nọ́ọ̀sì Agége

Ẹ dákun, ẹ má ṣe é! Ohun tí ẹ fẹ́ jẹ ni ẹ fẹ́ da májèlé sí. Dichlorvos ló wà nínú ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń tà bẹ́ẹ̀, ó ń gba ara wọlé, ó ń gba imú wọlé, kò sì sí ẹni tó ń wọn èyí tí wọ́n ń pò káàkiri. Láti ọdún 2019 ni NAFDAC ti fòfin de ìgò kékeré rẹ̀. Lórí bákónì, afẹ́fẹ́ yóò gbé e wọ yàrá ọmọ yín, yóò tún gbé e sọ̀kalẹ̀ bá ìyá tó ń ráhùn aṣọ.

Ohun tí mò ń ṣe nìyí: mo kọ́kọ́ máa ń fi omi tó ń tú yàà fọ abẹ́ ewé, ọ̀pọ̀ kòkòrò náà á bá omi lọ. Bí wọ́n bá padà wá, ṣíbí tíì kan ọṣẹ olómi tí kò le nínú omi lítà kan, mo fín in sábẹ́ ewé nírọ̀lẹ́ nígbà tí oòrùn ti wọ̀, mo sì fi omi ṣan án láàárọ̀. Bàbá wa, eérú wà nínú ọṣẹ dúdú, ó lè jó ewé bó bá le jù. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, kó kọ́kọ́ dán an wò lára ewé kan, kó fi ọjọ́ méjì wò ó. Omi ewé dóńgóyárò náà wúlò.

Ohun kan tún wà tí ẹ kò tíì mẹ́nu bà. Àwo tí ẹ máa gbé sábẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì, bí omi bá dúró nínú rẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, ẹ̀fọn yóò yé síbẹ̀, yóò sì pamọ. Ẹ máa dà á nù, kí ẹ sì fi kànìnkànìn fọ ara rẹ̀, torí ẹyin ẹ̀fọn máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ àwo. Ẹ má sì gbọ́kàn lé e pé ẹ̀fínrín wà níbẹ̀. Òróró inú ewé rẹ̀ ló ń lé ẹ̀fọn nígbà tí wọ́n bá fún un. Igi rẹ̀ tó dúró jẹ́jẹ́ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kò lé ẹ̀fọn kankan.

Ọmọ Ajah

Ó dáa, ẹ̀gbọ́n nọ́ọ̀sì, mo gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti omi, torí ó kan àwa tí a wà lápá Lẹ́kí àti Ajah dáadáa. Omi bọ́ọ̀hòlù wa níyọ̀. Bí èèyàn bá ń fi bomi rin ẹ̀fọ́ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, iyọ̀ náà á máa ṣù jọ, torí kò rí ibi lọ. Ohun funfun kan á máa yọ sójú ilẹ̀, etí ewé á sì máa jó láti ṣóńṣó rẹ̀ wá. Omi òjò ni mò ń gbè sínú dúrọ́ọ̀mù tí mo fi ìdérí bò. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí kò sí òjò, omi tí a fi ṣan ìrẹsì àti ẹ̀wà ni mò ń lò, kò gbọdọ̀ níyọ̀ nínú.

Kọ́lékọ́lé (Ìkòròdú)

Iṣẹ́ bíríkìlà ni mò ń ṣe, ojú iṣẹ́ ni mo fi ń wo ọ̀rọ̀ yìí. Bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà 20 tí ilẹ̀ tútù kún, kì í dín ní kílò 30. Àpò símẹ́ńtì kan jẹ́ kílò 50. Bí ẹ bá to irú bọ́kẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ 10 sẹ́bàá irin bákónì, àpò símẹ́ńtì 6 lẹ gbé sí etí ilé yẹn. Ọ̀pọ̀ bákónì ilé àtijọ́ ló yọ síta láìsí òpó lábẹ́ rẹ̀, irin inú rẹ̀ sì lè ti dípẹtà níbi tí omi ti ń wọlé fún ọdún pípẹ́. Ìdí ògiri ni kí ẹ to ẹrù yín sí, kí ẹ tú wọn ká. Bí ẹ bá rí i pé kọnkéré là níbi tí bákónì ti so mọ́ ilé, tàbí tí ìpẹtà ń ṣàn jáde lábẹ́ rẹ̀, ẹ má gbé nǹkan kan síbẹ̀. Ẹ pe ẹni tó mọ iṣẹ́ kó wá wò ó, kí onílé sì gbọ́ sí i.

Ẹ̀fọ́ ewé kò tilẹ̀ nílò bọ́kẹ́ẹ̀tì kíkún. Ike pẹrẹsẹ tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 tó fún tẹ̀tẹ̀ tí ẹ ń gé ní kékeré, àti fún gbúre. Ata àti ewúro nìkan ni kí ẹ fún ní bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá.

Ti omi tó ń kán: ilẹ̀ tó bá gbẹ jù máa ń sún kúrò lára bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ wò ó dáadáa, ẹ óò rí àlàfo tínńrín láàárín wọn. Ibẹ̀ lomi ń sáré gbà kọjá lọ sórí aṣọ ìyá yẹn, gbòǹgbò kò sì ní í mu nínú rẹ̀. Ẹ bu díẹ̀ sí i, ẹ dúró kí ilẹ̀ rọ̀, ẹ wá bu ìyókù. Ẹ fi koríko gbígbẹ tàbí ewé gbígbẹ bo ojú ilẹ̀. Ẹ sì lọ bá ìyá náà fúnra yín, ẹ bi wọ́n ìgbà tí wọ́n máa ń sá aṣọ, kí ẹ máa bomi lálẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ká a.

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Peckham, London)

Ẹ kú ilé o. Mò ń ka ọ̀rọ̀ yín tinútinú. Níbí, ẹni tí bákónì rẹ̀ kò bá kọjú sí gúúsù yóò jìyà, torí oòrùn ọ̀sán kì í gba àríwá kọjá lọ́dọ̀ tiwa láéláé. Inú ilé ni mo ti máa ń gbin ata rodo lójú fèrèsé láti oṣù kejì, ewédú ní oṣù kẹrin. Wọn kì í jáde kó tó di ìparí oṣù karùn-ún, torí òtútù òru kan lè pa gbogbo rẹ̀.

Ohun tí àbúrò wa Akẹ́kọ̀ọ́ sọ nípa ọ̀sán kúkúrú, mo rí òdìkejì rẹ̀ níbí. Ní oṣù kẹfà tí ilẹ̀ kì í tètè ṣú, ewé nìkan ni ewédú mi ń pa, ó ń rọ̀, ó ń dán. Bí oṣù kẹsàn-án bá ti wọlé ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í tanná. Ti ata: oyin kì í fi bẹ́ẹ̀ dé òkè tí mo wà, nítorí náà bí òdòdó bá ti là, mo máa ń fi ìka ta ẹ̀ka rẹ̀ jẹ́jẹ́ láàárọ̀ kí lẹ́búlẹ́bú inú rẹ̀ lè bọ́ sára rẹ̀. Òdòdó ata kan lè gba ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ẹni tó máa mì í.

Ìyàwó Alájà Kejì

Ọlọ́run yóò bùkún yín. Mo yí ewé ata padà, wọ́n wà níbẹ̀ wàràwàrà, wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé, wọ́n ṣù mọ́ ọ̀mùnú. Mo ti fi omi fọ̀ wọ́n bí ẹ̀gbọ́n nọ́ọ̀sì ṣe wí. Ilẹ̀ tí mo lò, èérún pákó funfun wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Mo ti kó bọ́kẹ́ẹ̀tì kúrò lẹ́bàá irin. Ìbéèrè méjì ló kù: ṣé tòmátì lè ṣe é lórí bákónì yìí? Ibo ni mo ti lè rí irúgbìn tó dára, torí èyí tí mo rà nínú ọ̀rá, mi ò mọ ọdún tí wọ́n ti dì í?

Ìyá Gbúre

Tòmátì? Ẹ má tíì bá a wọ̀ ọ́. Ó fẹ́ oòrùn ju tẹ̀tẹ̀ lọ, bí òru bá sì ń gbóná, òdòdó rẹ̀ a máa já bíi ti ata. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, ó tún lè rọ lójijì tòun ti ewé tútù lára rẹ̀, kó kú. Àìsàn inú ilẹ̀ ni. Owó bọ́kẹ́ẹ̀tì tòmátì kan, ẹ fi gbin gbúre sí ike méjì.

Àkàndé Ẹlẹ́fọ̀ọ́

Mi ò ní kí wọ́n má gbin tòmátì rárá, Ìyá Gbúre. Ilẹ̀ tuntun nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, tí a kò gbin tòmátì, ata tàbí ìgbá sínú rẹ̀ rí, àìsàn yẹn kì í sábà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ti oòrùn, ẹ gba tiwọn, àǹtí: bákónì tó kọjú sí àríwá kò ní í tó o lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, lásìkò òjò sì rèé, ewé rẹ̀ á máa rà.

Ti irúgbìn: bí ẹ bá lè dé Ìbàdàn, ẹ yà ní NIHORT ní Ìdí-Ìṣìn, ẹ béèrè. Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ àti èso ni ìjọba tìtorí rẹ̀ dá a sílẹ̀ ní 1975. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ máa mú tiyín. Ẹ fi igi tẹ̀tẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta tó dára jù sílẹ̀, ẹ má gé wọn. Bí orí wọn bá ti gbẹ, tí ẹ bá fi ọwọ́ ra á tí hóró dúdú tó ń dán ń bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ gé orí náà, ẹ gbọ̀n ọ́n sínú ọpọ́n, ẹ fẹ́ ìyàngbò rẹ̀ kúrò. Bákan náà ni ṣọkọ. Ewédú, ẹ jẹ́ kí àpò rẹ̀ gbẹ lórí igi títí yóò fi fẹ́ là. Ata rodo tó pọ́n dẹ̀dẹ̀, ẹ là á, ẹ fi nǹkan bo ọwọ́, ẹ yọ hóró rẹ̀, ẹ sá a níbòji. Gbogbo rẹ̀, inú ìgò gbígbẹ tó lómọrí ni kí ẹ kó o sí, ẹ kọ oṣù àti ọdún sára rẹ̀. Ewédú tọdún yìí, ẹ má gbàgbé omi gbígbóná kí ẹ tó fọ́n ọn.